Kámẹ́rà wo ló bá òṣùpá àgbàlá yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù September 2025, pupa ni òṣùpá yọ lábúlé wa. Òjìji ayé ti bò ó kó tó jáde lẹ́yìn igi, ó sì dà bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu aago mẹ́jọ kí etí rẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ohun èlò mẹ́rin ló wà lágbàlá lálẹ́ ọjọ́ náà: fóònù mi, Nikon P900 àbúrò mi, Nikon D3500 tí mo yá lọ́wọ́ ayàwòrán ìgbéyàwó kan, àti awò-awọ̀nàjíjìn kékeré tí a rà fáwọn ọmọ. Fóònù mú àmì pupa kan bí ẹnu sìgá. P900 mú òṣùpá ràbàtà, ṣùgbọ́n ó mì, nítorí tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) àbúrò mi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke. D3500 mú òṣùpá kékeré tó mọ́ kedere. Awò-awọ̀nàjíjìn ò ya nǹkan kan, àmọ́ òun làwọn ọmọ ń jà lé lórí.

Láti ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn ti ń bi mí pé èwo ni káwọn rà. Èmi náà á kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé òṣùpá lẹ fẹ́ yà, àbí gbogbo ojú sánmà? Iṣẹ́ méjèèjì ò jọra rárá. Òṣùpá kéré, ó sì mọ́lẹ̀. Oòrùn ló ń ràn sí i lára, òkúta tó wà nínú oòrùn ọ̀sán gangan lẹ ń yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ni lọ́dọ̀ yín. Lẹ́ǹsì gígùn ló ń fẹ́. Ìràwọ̀ ní tirẹ̀ tẹ́ lọ salalu, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Lẹ́ǹsì kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ló ń fẹ́, pẹ̀lú sensor ńlá (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tó lè la ojú sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá sọ pé kámẹ́rà kan ṣoṣo mọ méjèèjì í ṣe dáadáa, ọjà ló ń tà.

Fóònù tó ti wà lápò yín

Bí fóònù lásán bá ya òṣùpá láìfa zoom, gbogbo òṣùpá ọ̀hún ò ju bí ọgbọ̀n pixel (àwọn àmì tín-ń-tín tó para pọ̀ di fọ́tò) lọ ní fífẹ̀. Kò sí àlùmọ̀kọ́rọ́yí tó lè rí kòtò nínú ọgbọ̀n pixel. Àwọn Galaxy Ultra ti Samsung ní lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra lóòótọ́, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Ní oṣù March 2023, ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ba fọ́tò òṣùpá jẹ́ títí tó fi rí bàìbàì, ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó pa iná yàrá, ó wá fi S23 Ultra yà á láti ọ̀ọ́kán. Fóònù fi kòtò àti òkè sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Samsung ṣàlàyé pé AI ló ń tún òṣùpá ṣe, pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè pa Scene Optimizer. Bí ẹ bá ń rà á nítorí òṣùpá, ẹ pa nǹkan yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó dán an wò.

Fún sánmà gbogbo, ọ̀rọ̀ yí padà. Google Pixel láti ọdún 2019 ní ètò tí wọ́n ṣe fún ìràwọ̀ gan-an: ẹ gbé e ti bíríkì kó má mì, ó lè gba ìmọ́lẹ̀ jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ti rí Pixel tòkunbọ̀ tó mú Orion, àkójọ ìràwọ̀ kan, lókè òrùlé páánù ju kámẹ́rà tó wọ́n ju ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, tó sì jẹ́ ìràwọ̀ ló wù ú, kó dúró síbí. Fóònù náà ni yóò tún máa fi ṣe WhatsApp.

Ohun kan tún wà tí fóònù èyíkéyìí lè yà. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ni oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé fi ń sùn, bí igbá tí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ sókè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńṣe ló ń dúró ní ẹ̀gbẹ́. Bí Àgùàlà bá wà nítòsí rẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ ya àwọn méjèèjì pẹ̀lú igi ọ̀pẹ tàbí òkìtì ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀, bí ojú sánmà ṣe ń pọ́n lọ. Àwọn baba wa ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn èèyàn rò pé ajá rẹ̀ ni. Fọ́tò yìí ò béèrè zoom kankan.

P900, P950, P1000

Àwọn kámẹ́rà yìí ni gbogbo èèyàn ń wò lórí YouTube. Lẹ́ǹsì wọn ò ṣeé yọ. P900 jáde ní 2015, ìfà rẹ̀ bá lẹ́ǹsì 2000mm dọ́gba (bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni ìfà ṣe ń pọ̀ tó). P950 ti 2020 lo lẹ́ǹsì kan náà, ṣùgbọ́n ó lè tọ́jú fọ́tò sí RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe), èyí tí P900 kò lè ṣe. P1000 ti 2018 dé 3000mm.

Nípa òṣùpá, ẹ wo ìyàtọ̀ wọn báyìí. Lórí P900, òṣùpá àrànmọ́jú á gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga fọ́tò. Ó tóbi, gbogbo rẹ̀ sì wọlé. Lórí P1000, bí ẹ bá fà á dé òpin, òṣùpá ò ní wọlé tán, orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gé. Ẹ ti sanwó ìfà tẹ́ ẹ máa dá padà sẹ́yìn nìyẹn. Ibi tí P1000 ti fọ́ ẹnu P900 ni òrùka Saturn: ó hàn dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé lórí P900 ó dà bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n P1000 wúwo tó 1,415 g, P900 ò sì tó kílò kan. Afẹ́fẹ́ wa pẹ̀lú kì í dákẹ́ tó bó ṣe yẹ. Nínú ọyẹ́, eruku á sọ òṣùpá di àwọ̀ tíì, gbogbo rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bí ìsàlẹ̀ omi. Kò sí bí ìfà ṣe lè pọ̀ tó tó lè wo ìyẹn sàn. Èmi ò ní ra P1000 fún abúlé. Láàárín àwọn yòókù, ẹ ra P950 bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún RAW ṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, P900 tòkunbọ̀ ti tó.

Àléébù kan tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í sọ: bí ẹ bá fà á dé òpin, òṣùpá ò ní dúró dè yín. Ó ń rìn jìnnà tó ìbú ara rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tò ó tán, ẹ ní kẹ́ ẹ nu imú, ó ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ti kọ́ ọ: á gbé òṣùpá sí etí fọ́tò níbi tó ti ń bọ̀, á tẹ aago ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ọwọ́ rẹ̀ má mì ín, á wá jẹ́ kó rìn wá fúnra rẹ̀.

Fún ìràwọ̀, ẹ gbàgbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sensor wọn kéré, fọ́tò á dà bíi gààrí tí wọ́n dà sórí aṣọ dúdú.

DSLR tòkunbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjì

Ibí yìí, lọ́dọ̀ kámẹ́rà tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ni mo wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Nikon D3400 tàbí D3500 pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá a wá àti 70-300 AF-P (irú lẹ́ǹsì Nikon tó ń lo mọ́tò tuntun láti fojú sun nǹkan), tàbí Canon 250D pẹ̀lú 55-250 STM. Òṣùpá á kéré nínú fọ́tò, ìdá kan nínú mẹ́fà gíga rẹ̀ ni lórí 300mm. Èyí ló ń dẹ́rù ba àwọn olùrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé etí rẹ̀ kúrò, bí 700 pixel ṣì ni òṣùpá náà, àwọn pixel ọ̀hún sì mọ́. Ẹ kàn fi ISO 100 (bí sensor ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/8 (bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), shutter 1/200 (ó la ojú fún ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá) bẹ̀rẹ̀ fún òṣùpá àrànmọ́jú, ẹ má fi sí auto. Auto á rí òkùnkùn tó yí òṣùpá ká, á sì sọ òṣùpá di àwo funfun.

Kódà, àrànmọ́jú kọ́ ni kẹ́ ẹ máa dúró dè. Ọjọ́ tí òṣùpá bá dé ìlàjì ni kòtò ń hàn jù, torí òjìji gùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ò tó ìlàjì ti àrànmọ́jú rárá, ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí shutter pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ yí lẹ́ǹsì padà sí 18-55, ìràwọ̀ dé nìyẹn: 18mm, ISO 1600, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó lè lé díẹ̀, bí méjìdínlógún, kí ìràwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìrù. Láàárín December sí March, Orion á wà lókè orí yín gan-an lálẹ́. Ní April àti May, Àgbélébùú Gúúsù (àkójọ ìràwọ̀ tó dà bí àgbélébùú) á dúró nílẹ̀ ní ìhà gúúsù, ìràwọ̀ àríwá sì wà ní ìhà kejì, ó rẹlẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń kọ̀wé láti London ò lè rí méjèèjì pa pọ̀, àwa rí i.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà ńbẹ̀. Bátìrì D3500, gẹ́gẹ́ bí Nikon fúnra wọn ṣe kọ ọ́, ń ya fọ́tò 1,550 kó tó tán; ti P900 jẹ́ 360, ti P1000 jẹ́ 250. Lódìkejì, ẹ lè fi wáyà USB so P900 mọ́ power bank, ṣájà D3500 sì ń fẹ́ ihò iná lára ògiri. Lábúlé tí iná ti ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ rò ó wò: mò ń gbé bátìrì lọ sí Ìsẹ́yìn lọ gba iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Àwọn ìkìlọ̀ kan bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀. AF-P kì í ṣiṣẹ́ lórí àwọn Nikon àtijọ́ bíi D90: kò ní lè fojú sun nǹkan kan. Ẹ̀dà 70-300 tí kò ní VR (ohun tó ń dín mímì kù) dínwó ju èyí tó ní in, lórí tripod ẹ ò nílò VR. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ fi wò ó gba inú dígí lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn. Mo ra lẹ́ǹsì kan lọ́wọ́ ẹnì kan láìṣe bẹ́ẹ̀, mo délé, mo rí ohun kan bí òwú aláǹtakùn tó ti hù sínú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Ńṣe ló ń mú òṣùpá bí èyí tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀.

Ọrùn

Èyí ò sí nínú ìwé tó wà pẹ̀lú kámẹ́rà. Lọ́dọ̀ wa, nítorí a sún mọ́ ìlà àárín ayé, òṣùpá máa ń gun òkè orí pátápátá ní àwọn alẹ́ kan. Ojú ẹ̀yìn D3500 ò ṣeé yí, ẹ máa dùbúlẹ̀ lórí ẹní ni. Ti P900, Nikon D5600 àti Canon 250D ń ṣí síta, ẹ lè jókòó lórí àpótí. Nǹkan kejì, tripod tó fúyẹ́ máa ń yẹ orí sẹ́yìn bí kámẹ́rà bá kọjú sókè. Mo so kèrègbè omi lítà márùn-ún mọ́ àárín tèmi, kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn kámẹ́rà, tripod tó wúwo ni kẹ́ ẹ fi kún, kì í ṣe lẹ́ǹsì kẹta.

Awò-awọ̀nàjíjìn pẹ̀lú fóònù

FirstScope 76mm kékeré tó ń jókòó lórí tábìlì dára fáwọn ọmọ. Heritage 130P tóbi jù ú, ó sì ń fi òṣùpá hàn lọ́nà tí kámẹ́rà yín ò ní fi hàn láéláé. Ẹ ra ìdè tí yóò gbá fóònù mú mọ́ ojú rẹ̀. Ọwọ́ lásán á mú kẹ́ ẹ ya ogún kí ọ̀kan tó dára. Ẹ sá fún páálí tó bá kọ 675x, pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 675. Ohun tí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ tó ní mm, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, òun ni ìfà tó ní làákàyè: 76mm ò ju bí 150 lọ.

Ó jẹ́ ti agbo ilé. Màmá mi, tí kò bìkítà fún D3500 náà, dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Àṣé ihò ló kún un lójú báyìí." Ó tún wo, ó ní kí n pe ìyàwó ilé kejì wá.

Seestar S50

Ó jáde ní 2023: awò kékeré, kámẹ́rà, àti bátìrì lójú kan, fóònù lẹ fi ń darí rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ìta. Ó máa ń wá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé e. Òṣùpá á jẹ́ bí 780 pixel, díẹ̀ ju ti D3500 lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe é fún ni àwọn ìkùukùu ìràwọ̀ tí ojú ò lè rí. Kò ní ya òrùlé yín àti òṣùpá pa pọ̀, kò ní ya ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín. Bó bá bàjẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí wa.

Ṣáájú kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jáde síta lálẹ́ òní, ẹ wo ibi tí òṣùpá ti ń yọ sí yín. Aládùúgbò mi gbé iná sólà kan sí ìhà ìlà oòrùn ní oṣù January, ó ń tàn títí di òwúrọ̀. Mo ti ń yà láti ẹ̀yìn ilé ìdáná báyìí, níbi tí ògiri ti bò mí.