Ẹgbẹ́ Kọ̀ǹpútà Àdúgbò Wa àti Ìwádìí Ìtàn Ìdílé

Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà kan ń pàdé ní ilé ìkàwé àdúgbò wa ní London, níbi tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tọpa ìtàn ìdílé. Tó bá di ti àkọsílẹ̀ ìkànìyàn England àti Wales, wọn kò kẹ̀rẹ̀ rárá. Olùkọ́ wọn ṣàlàyé yékéyéké pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìjọba fi ń pa àkọsílẹ̀ náà mọ́, èyí tó fi jẹ́ pé ọdún 2022 ni ti 1921 tó jáde, àti pé iná ti jó ti 1931 run ní ọdún 1942. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí rí orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ búrẹ́dì tó ń ṣe, ni ó bá pariwo.

Ìwé nìkan ni wọ́n gbójú lé, àléébù wọn nìyẹn. Inú oríkì, orílẹ̀ àti ẹnu àwọn àgbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn tiwa wà. FamilySearch, ìkànnì ìtàn ìdílé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní àyè tí a lè fi ohùn pamọ́ sí lábẹ́ orúkọ ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu bà á títí mo fi béèrè. Kí Yorùbá tó bá fẹ́ lọ sí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ pe àwọn àgbà ilé, kí ó bi wọ́n léèrè orúkọ agboolé, kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹgbẹ́ náà kì í gbowó ìwọlé, wọ́n sì ń fúnni ní tíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíì náà kò dùn.