Ìwé fọ́tò àbúrò mi: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí áàpù bá yín to fọ́tò

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà o, torí wọ́n ṣe dáadáa, ibì kan sì wà tó kù díẹ̀ káàtó, ibi tó kù díẹ̀ káàtó yẹn ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa bú wọn tìtorí tèmi. Ọ̀nà kan náà kúkú ni gbogbo àwọn tó ń tẹ ìwé fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ṣe é: ẹ máa kó fọ́tò yín sórí áàpù wọn, ẹ máa tò ó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í, wọ́n á fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìwé fọ́tò àwọn ọmọ yín ni, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ ṣì lè pè wọ́n jáde kí ẹ ya òmíràn. Ẹni tó wà nínú ìwé tèmi ò lè ya fọ́tò mọ́.

Àbúrò mi ni. Ọmọ ọdún 21, ọdún kẹta ló wà ní yunifásítì, jìọ́lọ́jì ló ń kà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbélé rárá. Ẹ kàn dárúkọ òkè kan lójú ẹ̀ pé ó ṣòro gùn, ó parí nìyẹn, báàgì ẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Ó gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà kan torí ihò àpáta tó rí nínú máàpù, ó débẹ̀, ó sùn síbẹ̀, ó ní àdán ò jẹ́ kóun sùn dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé ó kú ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé òkè wo ló ti já bọ́. Kò já bọ́ níbì kankan. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ni, lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mo ti ń fi ọdún mẹ́ta bẹ̀rù kí wọ́n pè mí lóru, ọ̀sán gangan ni wọ́n pè mí.

Ká padà sórí ìwé. Fọ́tò ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wa, fóònù ẹ̀ wà ní títì, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tó fi tì í. Àfìgbà tí ímeèlì wọlé sọ́dọ̀ mi láti ọ̀dọ̀ Google, ó ti lé lóṣù mẹ́ta tó ti lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé nǹkan yìí wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: láti 2013 ni Google ti gbé Inactive Account Manager jáde, ẹ máa yan oṣù 3, 6, 12 tàbí 18, tí ẹ ò bá fọwọ́ kan àkáǹtì yín títí àsìkò yẹn fi pé, tí wọ́n sì wá yín tí ẹ ò dáhùn, wọ́n á kọ̀wé sí àwọn tí ẹ ti fi orúkọ wọn sílẹ̀, ó lè tó ẹni mẹ́wàá, ẹ̀yin náà lẹ sì máa sọ ohun tí oníkálukú wọn lè dáúnlóòdù. Nọ́ńbà fóònù ẹni yẹn náà wà níbẹ̀ kó má bàa jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbé e. Ọmọ yìí ti ṣe é sílẹ̀, kò sọ fún mi. Oṣù mẹ́ta ló yàn, èmi nìkan ló kọ síbẹ̀. Àyè máa ń wà kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹni tó yàn, ohun tó kọ sí mi rèé: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá rí èyí, fóònù mi ló ṣeé ṣe kó ti bọ́ sódò. Ẹ má tíì sọ fún Mọ́mì."

Mo rẹ́rìn-ín o, mi ò ní purọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá jókòó sílẹ̀.

Fọ́tò tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Áàpù ilé ìtẹ̀wé náà ní bọ́tìnnì kan tó máa ń bá èèyàn ṣa fọ́tò, kó sì tò ó sínú ìwé fúnra ẹ̀, ó ti rẹ̀ mí, mo tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ni áàpù fi ń tò ó, ọjọ́ yẹn sì máa ń wà nínú fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wákàtí, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti yà á àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó tí GPS bá wà ní títàn. Ó dáa, àmọ́ àbúrò mi ní kámẹ́rà ògbólógbòó kan, gbogbo ìgbà tí bátìrì ẹ̀ bá kú pátápátá ni aago inú ẹ̀ máa ń padà sí 1 January 2015. Báyìí ni ìrìn àjò tó ṣe kẹ́yìn ṣe wá bọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ti nírùngbọ̀n, ó dúró sórí òkè, wọ́n wá kọ 2015 sábẹ́ ẹ̀, ọdún tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Mo rí i lórí síkírínì, mo sì tún un ṣe. Èyí tí mi ò rí ló pọ̀.

Ọ̀kan ni àwọn fọ́tò tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ilé ìtẹ̀wé rárá. Tí ẹ bá kàn fi fọ́tò ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán, ó máa ń fún un kéré, ó sábà máa ń ku bíi 1,600 píksẹ́lì (àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, ó sì tún máa ń nu ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò. Ìwé tó bá máa dára, píksẹ́lì 300 ni íǹṣì kan ń jẹ. Ẹ ṣírò ẹ̀, 1,600 ò lè kọjá íǹṣì márùn-ún àti díẹ̀, ojú ewé tèmi sì jẹ́ íǹṣì 12, torí ẹ̀ ni ojú wọn fi dà bí ìgbà tí wọ́n ń wò wá látinú kùrukùru. Fọ́tò kan náà gangan tí wọ́n padà fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, 4,000 píksẹ́lì ni, ó mọ́lẹ̀ rekete.

Èyí tó dùn mí jù wà ní àárín ìwé. Fọ́tò kan wà tó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ là gbàgà, ẹ̀yìn ẹ̀ sì jẹ́ òfìfo lásán nísàlẹ̀. Áàpù nà án sórí ojú ewé méjì, ojú ẹ̀ wá bọ́ sí ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀, ìwé gbé ojú ẹ̀ mì. Etí kan lápá òsì, etí kan lápá ọ̀tún. Mo ti ìwé yẹn pa, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò ṣí i.

Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ kọ, pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ làwọn tẹ̀. Èèyàn gidi ló dá mi lóhùn nígbà kejì, obìnrin kan, ó ní kí n má bínú, ó ṣàlàyé pé kí n máa fi ojú èèyàn sí apá kan, pé kí n má fi nǹkan kan sí etí ìwé torí wọ́n máa ń gé mìlímítà 3 dànù, àti pé kí n fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún fọ́tò torí síkírínì ń tan iná látinú, bébà kì í tàn. Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ láìgba owó ìkejì. Torí obìnrin yẹn ni mo ṣe ń fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin.

Ìkejì yìí, ọwọ́ mi ni mo fi tò ó, ó gbà mí lóṣù méjì. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ohun tí áàpù yọ kúrò nígbà àkọ́kọ́ torí kò sí ojú èèyàn nínú ẹ̀: òkúta. Òkúta, òkúta, òkúta, bíi fọ́tò 900, bírò pupa kan náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Èmi náà ò mọ ìdí ẹ̀, ọmọ kíláàsì ẹ̀ ló sọ fún mi pé bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á gbé bírò, òòlù tàbí owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó, torí èyí tó tó ìkúùkù àti èyí tó tó ilé lè jọra nínú fọ́tò. Bírò yẹn, ìdérí ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àbúrò mi ti fi eyín jẹ ẹ́ wómúwómú. Tí ẹ bá to àwọn òkúta yẹn tẹ̀ léra, ẹ máa rí bó ṣe ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun ni mo fi mọ ìrìn àjò tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e nínú àwọn fọ́tò tí aago kámẹ́rà ti bà jẹ́. Mo fún wọn ní ojú ewé 18 nínú 60.

Bébà tí kì í dán ni kí ẹ mú, èyí tó ń dán máa ń gba àmì ìka, ìwé báyìí sì máa ń dé ọwọ́ púpọ̀. Páálí ẹ̀yìn ẹ̀ le dáadáa. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé, kò tóbẹ́ẹ̀ ṣá. Tí owó bá wà, ẹ mú irú èyí tó máa ń là pẹrẹsẹ, kò ní gbé ojú ẹnikẹ́ni mì.

Ọ̀dọ̀ Mọ́mì ni ìwé náà wà. Wọ́n rí bírò yẹn nínú báàgì ẹ̀, wọ́n sì ti fi há àárín ìwé, níbi ojú ewé àwọn òkúta. Kò yẹ kéèyàn fi nǹkan tó nípọn báyẹn sáàárín ìwé fọ́tò, ó máa ń já ẹ̀yìn ẹ̀, tèmi yìí gan-an ti ń là díẹ̀ nísàlẹ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn.