FlexNet lẹ́yìn ọdún mẹ́ta: ojú ẹ̀ ò dáa, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti FlexNet yìí, sọ́fítíwíà tó ń pín láísẹ́ǹsì (àṣẹ láti lo sọ́fítíwíà) fáwọn tó ń lò ó, èyí táwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ṣì ń pè ní FlexLM, torí ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wa. Àwa mẹ́rìnlá là ń yàwòrán, láísẹ́ǹsì mẹ́sàn-án péré la ní, FlexNet ló ń pín in: ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí sọ́fítíwíà á mú ọ̀kan, tó bá ti pa á dé ẹlòmíì á gbà á. Ó rọrùn lẹ́nu àbí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tí ò dáa. LMTOOLS tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ lórí Windows, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa rò pé ayé dískẹ́ẹ̀tì lẹ padà sí, bọ́tìnì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé tẹ́ ò bá fi ààmì síwájú "Start Server at Power Up", ọjọ́ tí wọ́n bá tún sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí FlexNet wà lórí ẹ̀) tàn, kò ní sí láísẹ́ǹsì fún ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Fáìlì láísẹ́ǹsì fúnra ẹ̀ náà ní èèwọ̀ tiẹ̀. Ẹ lè yí orúkọ sẹ́fà padà nínú ẹ̀, ẹ lè yí port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà táwọn kọ̀ǹpútà ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀) padà, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà MAC address (ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) yẹn o, torí òun ni wọ́n fi so láísẹ́ǹsì mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Èmi fúnra mi ni mo yọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sẹ́fà wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo fi tuntun sí i, mi ò ronú ẹ̀ rárá, gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́ wàì. Ká tó gba fáìlì tuntun, ojú mi rí nǹkan.

Ohun kejì tó jẹ mí níyà ni firewall, ohun tó ń dí gbogbo port tẹ́ ò bá ṣí. lmgrd, ètò FlexNet tó kọ́kọ́ ń gba ìbéèrè, máa ń lo port 27000 sí 27009, ìyẹn mo ṣí i, síbẹ̀ kò gbà. Àṣé ti vendor daemon (ètò ilé iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwíà, òun ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì) yàtọ̀, port tó bá wù ú ló máa ń mú nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn, àfi kẹ́ ẹ kọ PORT= àti nọ́ńbà kan sí ìlà VENDOR nínú fáìlì láísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wá ṣí ìyẹn náà.

Ó dáa, ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ṣì ń yìn ín. Lọ́dún tó kọjá ariwo pọ̀ pé láísẹ́ǹsì ò tó, ọ̀gá wa ní ká ra mẹ́ta sí i. Mo ní sà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ jókòó ti fáìlì log, gbogbo ẹni tó bá mú láísẹ́ǹsì OUT ló máa kọ, tó bá dá a padà IN, ẹni tó bá débẹ̀ tí ò rí gbà, DENIED. DENIED pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ aago mẹ́wàá sí méjìlá nìkan ni! Ẹ sì wo OUT àwọn èèyàn kan, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, IN ẹ̀ ò dé títí di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ìpàdé ni wọ́n wà, wọ́n kàn jókòó lé láísẹ́ǹsì bí adìẹ tó ń sàba ni.

Options file, fáìlì tí wọ́n ń kọ òfin pínpín sí, ló yanjú ẹ̀. TIMEOUTALL 3600 (ìṣẹ́jú àáyá ni), pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo yẹn, ẹni tí ò bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀ fún wákàtí kan, FlexNet á gba láísẹ́ǹsì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ (ó kéré jù, ìṣẹ́jú 15 lẹ lè fi sí i, ìyẹn 900, sọ́fítíwíà yín sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ timeout). Àwọn kan bínú sí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Mo tún fi MAX sí i káwọn tó wá kọ́ṣẹ́ má gbà ju méjì lọ, kò ṣiṣẹ́, mo fẹ́ ya wèrè, àṣé lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ orúkọ wọn, lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń wọlé, ojú ẹni méjì ọ̀tọ̀ ló fi ń wo ìyẹn àfi tẹ́ ẹ bá kọ GROUPCASEINSENSITIVE ON. RESERVE ní tiẹ̀, mi ò lò ó, torí ẹni tẹ́ ẹ tọ́jú láísẹ́ǹsì dè lè wà lórí ìsinmi kí láísẹ́ǹsì ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè mú un.

Yíyá náà ńkọ́? Ẹni tó ń rìnrìn àjò lè yá ọ̀kan sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, tó bá di ọjọ́ tó dá, á padà sílé fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa kan yá tiẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, láptọ́ọ̀pù bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹta, mẹ́jọ la sì fi ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ yẹn fi pé. MAX_BORROW_HOURS 72, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta péré, ni tiwa báyìí.

Kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà fún yín bóyá ó ṣì ń ta láísẹ́ǹsì alápapọ̀ (èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín lò), torí láti oṣù kẹjọ 2020 ni Autodesk, àwọn tó ṣe AutoCAD, ti dáwọ́ títà tuntun dúró, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á sí báyìí.

Mẹ́ta tí ọ̀gá fẹ́ rà yẹn, a ò tíì rà á. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, LMTOOLS ló jẹ ìkan tó kù.