Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Ìrọ̀lẹ́ Kan ní Mọ́kọ́lá

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín ń ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, owó yín kò ní ṣòfò ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo fi àbúrò mi sí ní Mọ́kọ́lá níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ jù lọ ni bí olùkọ́ wọn ṣe ń kọ́ni ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gba -ed nígbà tí a bá ń sọ ohun tó ti kọjá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á kàn ní kí ọmọ há wọn sórí ni.

Nígbà tí mo jókòó tì wọ́n, ọmọ kan béèrè ìdí tí spake fi wà nínú Ẹ́kísódù orí 20, nígbà tó jẹ́ pé spoke ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Olùkọ́ náà kò pa á lẹ́nu mọ́. Ó ṣí Bíbélì King James, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1611, ó fi brake, ìyẹn broke ti òde òní, hàn wọ́n níbi tí Jésù ti bu àkàrà, ó fi holpen hàn wọ́n nínú Lúùkù 1:54, ó sì ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, help wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń pààrọ̀ fáwẹ́lì inú wọn, kó tó di pé helped gbapò. Digged ló yà mí lẹ́nu jù. Òun ni wọ́n lò fún kànga tí Ísáákì gbẹ́ nínú Gẹ́nẹ́sísì 26, gbogbo kíláàsì sì pè é ní àṣìṣe, àṣé òun gan-an ni àgbà. Dug ló dé lẹ́yìn, nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi dig wé irú ọ̀rọ̀ bíi stick àti stuck.

Ní ti gotten (láti ara get) àti snuck (láti ara sneak), olùkọ́ náà ní àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò wọ́n jù, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi got àti sneaked kọ ìdánwò tirẹ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ hang ní méjì: hung ni ti aṣọ tí a fi kọ́, hanged sì ni ti ẹni tí wọ́n yẹgi fún. Olùkọ́ náà mọ èyí dáadáa, ó yẹ kó wà nínú ìwé. Kí ẹ tètè débẹ̀, nítorí bẹ́ǹṣì máa ń kún.