SSD Kingston, DVD writer LG àti hard disk kan: bí mo ṣe sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ dọ̀tun ní Ìkẹjà

Kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 780 kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á, òun ni mo sì fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di àgbàlagbà tí ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí mo bá tàn án ní òwúrọ̀, mo lè ra ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìkángun òpópónà, kí n jókòó jẹ ẹ́ tán, kí n ṣan ọwọ́, kí ó tó gbà mí láyè láti ṣí CorelDRAW, ètò tí mo fi ń ya àwọn iṣẹ́ náà. Ibi tí a ń ki àwo bọ̀ lára rẹ̀ náà ń ṣe ségesège: ó ń ka DVD nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò ka CD mọ́ rárá. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé e lọ. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo pinnu pé ẹ̀yà tó ti gbó nínú rẹ̀ ni n ó pààrọ̀.

Ọjà mẹ́ta ni mo lọ rà ní Computer Village: SSD Kingston A400 tó gba GB 240 (SSD ni ibi ìpamọ́ ìgbàlódé tó ń rọ́pò hard disk), DVD writer LG tí ń gbé inú kọ̀ǹpútà, àti hard disk TB 1 tí n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé ẹni tó tà á fún mi ni mo bá ṣe ẹjọ́. Kò sí èyí tó ní orúkọ Dell lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ohun tí kò bá ti ọ̀dọ̀ Dell wá kò ní bá ara Dell mu, bẹ́ẹ̀ sì ni Dell fúnra rẹ̀ kì í ṣe hard disk. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ló ti ń rà á, tó sì ń lẹ nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ ọn lára. Ohun tó yẹ kí a wò ni irú ẹnu wáyà tí ẹ̀rọ náà ní.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wọ danfó lọ sí Ìkẹjà, kí ó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Bí wáyà tó so hard disk mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ bá pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mẹ́ta, IDE nìyẹn, irú èyí tó wà lára àwọn kọ̀ǹpútà Pentium 4 àtijọ́. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, SATA ni, òun sì ni OptiPlex 780 ń lò. Ẹni tó ní IDE kò ní rí ọjà tuntun rà bọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó pẹ́ jù lára wọn kò sì lè rí ohun tó ju GB 137 lọ lára hard disk, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka àwọn yàrá inú rẹ̀ kò ju bíìtì 28 lọ, báìtì 512 péré ni yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń gbà. N kò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn láti náwó sí i.

SSD ni mo kọ́kọ́ fi sínú tèmi, nínú gbogbo owó tí mo ná, òun ni owó rẹ̀ kò dùn mí rárá. Hard disk tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ GB 160, ó sì ń yí po ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Létí, ó dà bí eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ìgbà 120 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìyípo kan ń gba bíi 8.3 nínú rẹ̀. Kí orí tó ń kàwé inú rẹ̀ tó rìn dé ibi tí fáìlì wà, kí àwo náà sì tó yí fáìlì ọ̀hún dé abẹ́ rẹ̀, ó lè tó 12 tàbí 13. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni Windows ń wá nígbà tó bá ń jí, ibẹ̀ sì ni òwúrọ̀ mi ń bá lọ. SSD kò ní ohun tó ń yí, kò sì ní orí tó ń rìn kiri. Bí a bá béèrè fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, kò tó ọ̀kan nínú ọ̀nà 1,000 náà kí ó tó gbé e jáde.

Kingston sọ pé A400 yìí lè ka dátà dé MB 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ má retí iye yẹn lára ẹ̀rọ tó ti dàgbà tó báyìí. SATA oríṣi kejì ni OptiPlex 780 ní, MB 300 sì ni òpin rẹ̀; nígbà tí mo dán tèmi wò, àárín MB 260 sí 270 ni ó ń rìn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé SSD olówó ńlá yóò sáré ju èyí lọ nínú irú ẹ̀rọ yìí, owó yín ni ó ń wá. Ojú ọ̀nà ló há, mọ́tò kò ṣẹ̀. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó dín díẹ̀ ni Windows ń gbà tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ṣe é lò, ó sì ti di ìṣẹ́jú-àáyá 35 báyìí. CorelDRAW tí mo máa ń fi sílẹ̀ kí n lọ kí àwọn aládùúgbò ti ń ṣí kí n tó fa àga súnmọ́ tábìlì tán.

Fífi SSD sí i kò le, ṣùgbọ́n àwọn ohun kékeré kan wà tó lè dá ènìyàn dúró. Ínǹṣì 2.5 ni, nígbà tí àyè hard disk inú Dell jẹ́ ínǹṣì 3.5, nítorí náà ẹ rántí ra férémù irin kékeré tí wọ́n fi ń gbé e dúró. Mo fa ike aláwọ̀ búlúù tí hard disk ń jókòó sí yọ, mo yọ ti àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi férémù náà rọ́pò rẹ̀. Clonezilla, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń da ohun inú hard disk kan kọ sínú òmíràn, ni mo fi kó gbogbo ohun tó wà nínú GB 160 sínú GB 240. Ká ní ti àtijọ́ tóbi ju tuntun lọ ni, bíi GB 250, Clonezilla kò ní gbà bọ̀rọ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ dín àyè inú rẹ̀ kù. Nígbà tí Windows jí, GB 223 ni ó kọ síbẹ̀ dípò 240, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá pariwo pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Wọn kò rẹ́ wa jẹ. Bílíọ̀nù báìtì kan ni ilé iṣẹ́ ń kà sí GB kan, báìtì 1,073,741,824 ni Windows ń kà sí i, ìyàtọ̀ náà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí hard disk ni wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Mo ń wá ibi tí n ó máa kó àwọn iṣẹ́ tó ti parí sí, mo sì ra TB 1 nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀gbẹ́ Otigba. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ fi ìka gbá ọ̀rá fàdákà tí wọ́n fi dì í, ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ wo ọ̀rá rẹ̀, a ò já a rí. Tuntun ni.” Lóòótọ́ ni ọ̀rá náà dì pinpin. Nígbà tí mo délé tí mo fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ara hard disk wò, wò ó, Power-On Hours rẹ̀, ìyẹn iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́, ti lé ní 31,000. Ẹ pín in sí 24: ó ju ọjọ́ 1,290 lọ, ìyẹn ọdún mẹ́ta àbọ̀ tí kò fi sinmi ní ọ̀sán tàbí ní òru. Kọ̀ǹpútà wo ló ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ní Èkó, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀? Inú ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà ààbò ni mo gbà pé wọ́n ti yọ ọ́. Reallocated Sectors Count rẹ̀ kì í sì í ṣe òdo, èyí tó fi hàn pé àwọn ibì kan lórí àwo inú rẹ̀ ti jẹrà, tí ó sì ti ń fi àyè ìpamọ́ dí wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ. Ìlà kan ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì ni ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ nawọ́ sí, pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣe é dá padà. Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán wákàtí 31,000 náà hàn án. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni ó wí, “bí wọ́n ṣe kó o fún èmi náà nìyẹn.” Bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló dá sí i, ó ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di ariwo. Kò dá owó padà, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo gbà lẹ́ẹ̀kejì, a jọ so ó mọ́ laptop rẹ̀ níbẹ̀ ni, a sì jọ wò ó: wákàtí 14. Kì í ṣe òdo, ṣùgbọ́n mo gbé e, mo sì ń lò ó fún ẹ̀dà kejì nìkan.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Wáyà tó ń so SATA mọ́ USB wà káàkiri ọjà náà. Kí ẹ rí i pé ó ní ẹnu iná tirẹ̀, nítorí pé hard disk ínǹṣì 3.5 nílò iná fólítì 12, fólítì 5 sì ni USB ń gbé wá. Bí òǹtajà bá kọ̀ kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní iwájú. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń pa wákàtí náà rẹ́ kí ó padà sí òdo, nítorí náà ẹ wo ara irin rẹ̀ pẹ̀lú: bí ojú ihò síkúrù rẹ̀ bá ti ha, ẹnì kan ti dè é mọ́ inú ẹ̀rọ rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti parí gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ náà dúró gbọin ní òwúrọ̀, ó ní aago kò tọ̀nà, ó ní kí n tẹ F1. Èébú SSD ti wà lẹ́nu mi, àṣé bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí pátákó inú rẹ̀ ló ti kú. Ẹni tó bá ti ṣí ẹ̀rọ tó lé ní ọdún mẹ́wàá, kí ó pààrọ̀ bátìrì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti Windows, ẹ̀rọ yìí kò kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11, Microsoft sì ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fláàṣì ni mo fi ń gbé iṣẹ́ wọlé, tí mo fi ń gbé e jáde.

Ó ku DVD writer, n kò sì rò pé gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú, àwọn oníbàárà ṣì ń mú àwo wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìrántí òbí wọn, èmi náà sì ní CD 46 tí mo kó iṣẹ́ sí láàárín ọdún 2006 sí 2012. Ìdí tí ti àtijọ́ fi ń ka DVD tí kò sì ka CD ni pé ìtànṣán léésà méjèèjì yàtọ̀ síra: gígùn ìgbì ti CD jẹ́ nanomítà 780, ti DVD jẹ́ 650, ọ̀kan sì lè kú kí èkejì ṣì máa mí. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun fẹ́ nu ojú gíláàsì rẹ̀. LG tí mo rà kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ó sì fúyẹ́, wáyà SATA kan náà ló sì ń lò. Àwọn síkúrù olórí gíga tó ń yọ̀ wọ ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí Dell ni kò bá a wá. Ara ti àtijọ́ ni a ti ń yọ wọ́n, díẹ̀ ló sì kù kí n ti jù ú nù. Eré LG náà jẹ́ 24x, ìyẹn ni pé ó lè kọ DVD ní nǹkan bíi MB 33 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n mo máa ń dín in kù sí 8x bí mo bá ń kọ àwo ìgbéyàwó fún oníbàárà, nítorí pé ìkánjú ti ba àwo jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Nínú CD 46 náà, ó ka 41 láìyọ mí lẹ́nu. Mẹ́ta nínú èyí tó kọ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà wọ́n jẹ́. Fàdákà tó ń gbé dátà CD wà ní òkè, lábẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́ tí a ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ kí ó má ha. Ti DVD ló wà láàárín ike méjì. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà mọ́ orí àwọn mẹ́ta yẹn nígbà náà lọ́hùn-ún, nígbà tí bébà sì ń ṣí, ó ṣí ti fàdákà lọ. Àwọn méjì tó kù kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Mo máa gbé wọn lọ dán wò nínú kọ̀ǹpútà aládùúgbò mi, nítorí pé àwo tí DVD writer kan kọ̀, òmíràn lè kà á.