Ṣọ́ọ̀bù tó ń kó síríìsì sí fláàṣì ní Under G

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Under G tí wọ́n ti ń kó síríìsì sí fláàṣì, mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an ni. Mo ní kí bọ̀dá tó wà níbẹ̀ bá mi kó Psych, ló bá bi mí pé ṣé mo ti wo Twin Peaks, mo ní rárá, ó ní áà, kí n lọ wò ó ná, torí "Dual Spires", ẹpisódù kan tí Psych ṣe ní 2010, Twin Peaks ni wọ́n fi ń ṣeré látòkè délẹ̀, kódà Sheryl Lee àti Ray Wise tó wà nínú Twin Peaks ní 1990 wà níbẹ̀. Ó dá fíìmù dúró, ó fọwọ́ kan ojú Sheryl Lee lórí kọ̀ǹpútà: òkú tí wọ́n fi ọ̀rá wé létí omi nínú Twin Peaks nìyí! Orí mi wú. Ó tún ní David Duchovny ti ṣeré nínú Twin Peaks kó tó di Mulder nínú The X-Files ní 1993, àti pé Vince Gilligan tó ń kọ X-Files ló padà ṣe Breaking Bad.

Ẹpisódù méjì ò ṣí nígbà tí mo délé, inú bí mi díẹ̀, àmọ́ ó tún un kó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú fláàṣì ńlá dání o, tèmi ti kún.