Ẹ́ńjìnì Twin Cam 110 orí CVO: inú àpótí kámú ni kí owó kọ́kọ́ wọ̀

Láti ọdún 2007 títí di 2016 ni Harley-Davidson fi ń gbé ẹ́ńjìnì Twin Cam 110 sórí àwọn alùpùpù ìrìn-àjò CVO, àwọn tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní 1,800 cc. Lórí alùpùpù tó wúwo tó nǹkan bí 400 kílò, ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé agbára rẹ̀ kò tó, wọ́n á sì sáré lọ ra sílíńdà àti písítínì ńlá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe nìyẹn. Àbùkù ẹ́ńjìnì yìí kì í ṣe pé ó kéré. Inú àpótí kámú, níbi tí kámú (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), tápẹ́ẹ̀tì (èyí tó jókòó lé kámú tó sì ń gbé ìtì rẹ̀ lọ sókè) àti pọ́ńbù ọ́ìlì wà, ni ìṣòro rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kámú àkọ́kọ́. Èyí tó bá a wá, tí wọ́n ń pè ní 255, máa ń tètè pa fáàfù ìwọlé dé. Ìdí nìyẹn tí alùpùpù náà fi ń fò bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ bó bá ti ń sún mọ́ 4,500 rpm (iye yíyí ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan). Pípa tó ń tètè pa fáàfù yẹn tún máa ń gbé ìfúnpá inú sílíńdà ga nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ooru á pọ̀, bí pẹtiróòlù kò bá sì dára, ẹ ó máa gbọ́ ìró bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo bí ẹ bá ń gun òkè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ ra kámú tó tóbi jù lọ lórí àtẹ. Kámú tó bá ń pẹ́ jù kó tó pa fáàfù ìwọlé dé á jẹ́ kí alùpùpù ẹlẹ́rù di ọ̀lẹ níbi tí a ti ń lò ó jù, ìyẹn láàárín 2,000 sí 4,000 rpm. Èyí tó bá ń pa á dé ní nǹkan bí 30 sí 38 dígírì yíyí kíráńkì (ọ̀pá tí písítínì ń yí) lẹ́yìn tí písítínì ti dé ìsàlẹ̀ ló bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ wo bó ṣe ń gbé fáàfù ga tó, kí ẹ fi wé ohun tí sípíríǹgì fáàfù yín lè gbà, kí ẹ tó sanwó.

Tápẹ́ẹ̀tì ni mo fọwọ́ sọ̀yà jù pé kí ẹ pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámú tuntun kò sí nínú ètò yín. Bí róólà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á tú sínú ọ́ìlì, wọ́n á gba inú pọ́ńbù kọjá, ọ̀rọ̀ á sì di ti gbogbo ẹ́ńjìnì. Tápẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ́ńjìnì náà. Ti S&S àti ti Feuling ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ méjèèjì náà ló ń ṣe pọ́ńbù ọ́ìlì àti pákó kámú (irin pẹrẹsẹ tó di kámú mú) tó lágbára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ fi béárìn inú kámú tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún dénú kún un, torí iṣẹ́ kan náà ni títú rẹ̀.

Kí ẹ tó ra pọ́ńbù, ẹ wọn kíráńkì. Bí pákó kámú bá ti kúrò, ẹ gbé géèjì onídáyà ti etí kíráńkì, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá yẹ̀ ju 0.003 íǹṣì lọ, kámú oníjíà, tí jíà ń yí dípò ṣéènì, ṣeé fi sí i. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ṣéènì wà níbẹ̀. Kíráńkì ló ń yí pọ́ńbù ọ́ìlì tààrà, nítorí náà èyí tó bá ń mì á máa ha inú pọ́ńbù tuntun yín títí tí ìfúnpá ọ́ìlì á fi lọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń ba pọ́ńbù jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dì í. Ẹ má kọ́kọ́ fún bóòtù rẹ̀ le. Ẹ dì wọ́n ní ìdì ẹ̀rọ̀, kí ẹ yí ẹ́ńjìnì kí pọ́ńbù fúnra rẹ̀ wá àárín, kí ẹ wá máa fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tibí tọ̀hún, dé 90 sí 120 in-lb (in-lb àti ft-lb ni ìwọ̀n bí a ṣe fún bóòtù le tó). Bóòtù jíà ṣéènì ti kámú àti ti kíráńkì: ẹ kọ́kọ́ fún wọn dé 15 ft-lb, ẹ tú wọn ní yíyí kan, kí ẹ wá fún ti kámú dé 34, ti kíráńkì dé 24, pẹ̀lú Loctite pupa, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú. Kí jíà méjèèjì tẹ́ rẹgí. Bí ọ̀kan bá ta síta ju 0.010 íǹṣì lọ, ẹ pààrọ̀ wáṣà ẹ̀yìn jíà kámú.

Púṣírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó wà láàárín tápẹ́ẹ̀tì àti òkè ẹ́ńjìnì) tó ṣeé fà gùn ló ń jẹ́ kí ẹ lè ṣe gbogbo èyí láìtú òkè ẹ́ńjìnì. Ẹ fi ẹ̀mú ńlá gé àwọn ti àtijọ́ nígbà tí fáàfù wọn bá wà ní pípadé. Ẹ má fi ayùn gé e, torí eruku irin rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Iye yíyí kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo wọn: èyí tí ìlà ìdì rẹ̀ (bíi ti ara bóòtù) jẹ́ 24 nínú íǹṣì kan ń gùn ní nǹkan bí 0.042 ní yíyí kan, tí 32 sì ń gùn ní 0.031. Láti tẹ inú tápẹ́ẹ̀tì wọlé dé 0.100 íǹṣì, ẹ ó yí ti àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìgbà méjì àbọ̀, ti èkejì ní ìgbà mẹ́ta lé díẹ̀. Bí ìwé tó bá a wá bá sọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní sùúrù títí tí ìka yín fi lè yí púṣírọ́ọ̀dù náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá yí ẹ́ńjìnì kí tápẹ́ẹ̀tì tó sọ ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀ lè jẹ́ kí fáàfù kan písítínì.

Bí alùpùpù bá ń ṣòroó tanná, tàbí tí agbára rẹ̀ dínkù lójijì, ẹ yẹ àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń tú ìfúnpá sílẹ̀ nígbà ìtanná wò, ọ̀kan lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Èédú ló máa ń há wọn. Bó bá há ní ṣíṣí, agbára lọ. Bó bá há ní pípadé, sítátà ló ń jìyà.

Túúnì, ìyẹn títún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ṣe, kò ṣeé fò. Ẹ̀rọ túúnà Power Vision ti ilé iṣẹ́ Dynojet ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ṣí tọ́rọ́tù tán pátápátá, orí ẹ̀rọ dáínò, èyí tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnì, ni kí wọ́n ti ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wò ó bóyá òfin gba túúnà náà lójú títì: ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Harley-Davidson gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là lórí àwọn túúnà tó ń mú kí èéfín kọjá ààlà, ó sì ṣíwọ́ títà wọn.

Àpò písítínì ńlá tó gbé sílíńdà láti 4.000 lọ sí 4.125 íǹṣì, tó ń sọ ẹ́ńjìnì di 117, dára fún ẹni tí gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ fún. Kó dúró di ìgbà náà.

Kí ẹ tó tanná ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ rì àwọn tápẹ́ẹ̀tì sínú ọ́ìlì kí ẹ tó dì wọ́n, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sítátà yí i títí tí iná ọ́ìlì á fi kú. Tápẹ́ẹ̀tì lè máa dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní 500 máìlì, ẹ da ọ́ìlì náà nù, kí ẹ gé fílítà rẹ̀, kí ẹ na bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Eruku irin tó kúnná bí lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe nǹkan. Èyí tí ìka bá lè mú, ẹ tú àpótí kámú padà.